Ọwọ́ tí ó Tún Gìtá Ṣe ní Johannesburg

Orí wúrà ni wọ́n kọ́ ìlú Johannesburg lé. Ní ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand, kò sì pẹ́ tí àwọn ọkùnrin láti ìgbèríko Zulu, Sotho, Xhosa àti Tswana, àti láti ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń fi owó oṣù wọn rà, tí wọ́n sì ń gbé padà wálé, ni gìtá.

Àwọn òǹkọ̀wé tí ó kọ ìtàn orin ìlú yìí ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, lórí àwọn olórin, àti lórí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ó dè wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí ni ara gìtá náà: okùn rẹ̀, irin rẹ̀, èèkàn tí a fi ń fa okùn le, àti ọwọ́ tí ó mú ẹ̀mú àti sukurudiráfà, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ó ń pààrọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, gìtá kò dé Johannesburg gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ti parí. Ẹni tí ó rà á ni ó parí rẹ̀ nílé, kí ó tó lè sọ èdè olówó rẹ̀.

Àṣà yìí ti wà kí ìlú náà tó dé. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ará Yúróòpù tí ó gbé ní Cape ti kọ̀wé nípa ramkie, ohun èlò olókùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọn Khoikhoi àti àwọn ẹrú ń ta, tí ikùn rẹ̀ jẹ́ igbá. Percival Kirby, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa orin ní Yunifásítì Witwatersrand, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ohun èlò orin Gúúsù Áfíríkà tí ó jáde ní 1934. Nígbà tí agolo dé, agolo gba ipò igbá. Àwọn ọmọdé Zulu tí ń da ẹran sọ garawa kẹrosíìnì di gìtá, wọ́n sì pè é ní igogogo, orúkọ tí wọ́n ń pe garawa náà fúnra rẹ̀. Kò sí ìdí láti ṣe àlàyé garawa fún òǹkàwé Yorùbá. Okùn ìpẹja, tàbí wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí a tú sí fọ́nrán-fọ́nrán, ni wọ́n ń ta sí i lára. Ọmọ tí ó bá fi irú nǹkan báyìí kọ́ orin ti mọ ohun kan kí ó tó fọwọ́ kan gìtá ilé ìtajà: pé ibi tí oníṣẹ́ fi irin ìdábùú sí lórí ọrùn gìtá, àti iye tí a fa okùn kọ̀ọ̀kan le dé, kì í ṣe àṣẹ Ọlọ́run. Ènìyàn ni ó fi síbẹ̀, ènìyàn sì lè yí i padà.

Ó sì yí i padà. Isiginci ni àwọn Zulu ń pe gìtá. Orin tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú ń fi í kọ ni a mọ̀ sí maskanda, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú musikant ti èdè Afrikaans jáde. Bí wọ́n ti ń ta gìtá ní Yúróòpù ni pé okùn kìn-ín-ní, èyí tí ó tín jù, ń dún ní E. Àwọn olórin maskanda sọ ọ́ kalẹ̀ sí D. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé yíyí èèkàn kan lásán ni. Ṣùgbọ́n David Rycroft, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí orin Zulu, fi hàn pé ìtàn tí ó gùn wà lẹ́yìn orin gìtá yìí. Kí gìtá tó dé, ọrun olórin ni àwọn Zulu ń ta: ugubhu, ọrun ńlá olókùn kan tí ó ní igbá ní ìsàlẹ̀, àti umakhweyana, tí a dè okùn rẹ̀ mọ́ àárín. Ohùn méjì péré ni ugubhu ní ní ìpìlẹ̀, àwọn ohùn kéékèèké tí ń yọ lókè ìró wọn ni olórin sì ń fi igbá àti àyà rẹ̀ yan nínú wọn. Etí tí ó dàgbà sí abẹ́ ọrun yìí kò rí ìtẹ́lọ́rùn nínú bí wọ́n ṣe ta gìtá wá láti òkèèrè. Okùn tí a sọ kalẹ̀ sí D bá okùn kẹrin, tí ó jẹ́ D pẹ̀lú, dáhùn ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àtàǹpàkò sì lè máa gbá ìsàlẹ̀ nígbà tí ìka ìfábẹ̀là ń kọrin lókè.

Ẹni tí a máa ń dárúkọ jù nípa ọ̀nà ìfi-ìka-já-okùn yìí ni John Bhengu, tí a bí ní Nkandla ní 1930, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Phuzushukela. Ní òpópónà Durban ni ó ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ṣáájú rẹ̀, gbígbá okùn lápapọ̀ ni ó wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ukuvamba. Ukupika ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Maskanda a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú izihlabo, eré ìka tí ó ń sáré gba orí gbogbo okùn kọjá, tí olórin fi ń dán gìtá wò lójú gbogbo ènìyàn bóyá ohùn rẹ̀ ti pé. Láàrin orin ni izibongo ti ń wọlé, oríkì tí olórin ń sáré kà, níbi tí ó ti ń sọ orúkọ baba rẹ̀, odò abúlé rẹ̀ àti olóyè tí ó ń sìn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí onírárà ṣe ń yí ohùn padà láti orin sí oríkì kò ní ṣàjèjì sí i. Gìtá tí a kò bá tún tò kò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni títún gìtá ṣe fi jẹ́ apá kan orin náà, tí kì í ṣe iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ lásán.

Àwọn nǹkan mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, láti Kẹ́ńyà títí dé Gúúsù, pẹ́ńsù tí a fi okùn tàbí rọ́bà dè mọ́ ọrùn gìtá ni ó ṣe iṣẹ́ irin ìdè tí wọ́n ń tà lówó ńlá ní ilé ìtajà. Olórin fi ń gbé ohùn gbogbo okùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà láti bá ohùn akọrin mu. Ó dára kí a rántí pé èyí kì í ṣe àmì òṣì nìkan. Pẹ́ńsù rọ̀ ju irin lọ, kì í sì í tètè jẹ okùn.

Àwọn gìtá tí a ń wí yìí kò wọ́n púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Gallo, tí Eric Gallo dá sílẹ̀ ní Johannesburg ní 1926 láti máa ta àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà ní orúkọ Gallotone. Ọ̀kan lára wọn, tí a ń pè ní Champion, rin ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀: ó dé ọwọ́ ọmọkùnrin kan ní Liverpool tí ń jẹ́ John Lennon ní 1957, òun ni ó sì ń ta ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ pàdé Paul McCartney. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ inú gìtá náà ṣe ìlérí pé kò ní là. Ìlérí tí ó bójú mu ni fún ilẹ̀ tí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń bá igi jà. Ní 1999 ni wọ́n tà á ní gbàǹjo Sotheby's ní iye tí ó ju 100,000 pọ́n-ùn lọ.

Gìtá tí kò ní iná ni gbogbo ìwọ̀nyí. Gìtá oníná tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé ibẹ̀ ni títún nǹkan ṣe nílé ti di iṣẹ́ tí ó ń béèrè ìmọ̀.

Ohun tí ó sọ gìtá di oníná ni ohun tí àwọn olórin ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Òòfà ni, tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín, tín-ín-rín ju irun orí lọ, wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn onírin bá ń gbọ̀n lókè òòfà náà, ó ń ru agbára rẹ̀ sókè, ìgbọ̀nrìrì náà a sì di iná díẹ̀ nínú wáyà bàbà. Iná yìí kéré jọjọ. Ampilifáyà ni yóò sọ ọ́ di ohùn tí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. Ìdí nìyí tí okùn ìpẹja orí igogogo kò fi lè bá píkọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́: òòfà kò mọ ọ̀rá, irin ni ó mọ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ DeArmond ní Amẹ́ríkà ti ń ta píkọ́ọ̀pù tí ènìyàn lè fúnra rẹ̀ so mọ́ gìtá tí kò ní iná. Ilẹ̀ Yorùbá kò gbẹ́yìn. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, tí ohùn gìtá sì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù láì pòórá. Àwọn onímọ̀ ka ọdún náà sí ìbẹ̀rẹ̀ gìtá oníná nínú jùjú. Ó yẹ kí a fiyè sí i pé kì í ṣe gìtá tuntun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gìtá àtijọ́ tí a so nǹkan mọ́ lára ni.

Ní Johannesburg, gìtá oníná gba agboro ní àwọn ọdún 1960. Ní 1964 ni Gallo dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Mavuthela, lábẹ́ Rupert Bopape, àwọn òṣèré rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Makgona Tsohle, ìyẹn àwọn tí ó lè ṣe ohun gbogbo. Marks Mankwane ni ó ta gìtá olóhùn òkè, Joseph Makwela ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Vivian Ngubane ta gìtá tí ń gbé orin ró, Lucky Monama lu ìlù, West Nkosi fun saksofóònù. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé àwọn òyìnbó ní Pretoria kí wọ́n tó di olórin. Ohun tí wọ́n ṣe, mbaqanga, ni ohùn tí àwọn Mahotella Queens àti Mahlathini fi la ayé já.

Ṣùgbọ́n níbo ni olórin ti ń fi gìtá oníná dánra wò? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí àwọn akọ̀tàn ti béèrè ju bí wọ́n ṣe béèrè lọ. Ní Orlando, láàrin Soweto gan-an, ni ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá ìlú Johannesburg wà. Láti àwọn ọdún 1940 títí di 1998 ni ó fi ṣiṣẹ́. Iná rẹ̀ ń lọ sí ìgboro àwọn aláwọ̀ funfun. Èéfín rẹ̀ ń bà lé orí òrùlé àwọn tí ó yí i ká. Títí di ìgbà ìdìde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1976, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ní Soweto kò ní iná mànàmáná. Lẹ́yìn ìdìde náà ni ìjọba gbé ètò kalẹ̀ láti fa iná sí àwọn ilé náà, àwọn ọdún 1980 sì ni ó tó tàn ká. Ẹni tí ó bá wá ní gìtá oníná ní 1968 lè lo ti stúdíò, kí ó sì dé ilé kí ó máa fi ọwọ́ ta á ní ìdákẹ́jẹ́, tàbí kí ó wá bátìrì ọkọ̀, irú èyí tí àwọn ará ilé fi ń gbọ́ rédíò. Kò sí ohun ìtùnú púpọ̀ nínú rẹ̀, àfi ọ̀kan tí kì í yé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà: píkọ́ọ̀pù olókùn-wíwé kan a máa kùn bí oyin níbikíbi tí iná mànàmáná bá yí i ká. Nítorí ìkùn yìí gan-an ni Seth Lover ti ilé iṣẹ́ Gibson fi ṣe píkọ́ọ̀pù oníbejì ní 1955, tí ọ̀kan ń pa ìkùn èkejì. Ní ilé tí kò ní iná, ìkùn náà kò sí.

Ìdíwọ́ kejì jẹ́ ti òfin. Òfin Industrial Conciliation ti 1956 fún ìjọba ní àṣẹ láti ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń béèrè ìmọ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fẹ́ dá dúró fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ọ̀nà tí aláwọ̀ dúdú fi lè kọ́ iṣẹ́ iná kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí há gan-an. Ẹ wá wo ohun tí títún gìtá oníná ṣe ń béèrè. Ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ tú awo tí ó bo iwájú gìtá, kí ó mọ wáyà tí ó gbé ohùn yàtọ̀ sí wáyà tí ó wọ ilẹ̀, kí ó fi irin gbígbóná àti òjé jó wọn mọ́ ẹsẹ̀ kọ́ńtírọ́ọ̀lù ohùn láì jó ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá so wáyà píkọ́ọ̀pù kan sódì sí èkejì, ohùn méjèèjì yóò máa jẹ ara wọn, ohùn gìtá a sì tín bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Èèkàn tí ó ti gbó, tí kì í mú okùn dúró, ni a sábà ń kọ́kọ́ pààrọ̀: sukurú méjì tàbí mẹ́ta, ihò tí ó lè nílò kí a fi fáìlì gbòòrò sí i, kí a sì ṣọ́ra kí igi má là. Egungun kékeré tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn gìtá tún wà, tí ó jẹ́ pé bí ihò rẹ̀ bá jìn jù okùn a máa hó, bí kò bá sì jìn tó ìka a máa dunni. Ìmọ̀ iná àti ìmọ̀ igi ni gbogbo èyí. Òfin kò lè wọ yàrá lọ ká a mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sanwó fún un, kò sì sí ìwé kankan tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àìsí ìwé yìí ni ó dáàbò bo ìmọ̀ náà nígbà náà. Òun náà ni kò jẹ́ kí ó wọ inú ìtàn.

Nígbà tí Phuzushukela gbé gìtá oníná ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Hamilton Nzimande, tí ìlù àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn kan bẹ̀rù pé maskanda yóò kú. Kò kú. Ìdí kan wà nínú irin gìtá náà tí a kì í sábà mẹ́nu kàn. Bí a bá sọ okùn kalẹ̀ láti E sí D, okùn náà rọ̀, ohùn rẹ̀ ní àárín ọrùn gìtá kì í sì í bá ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ dọ́gba mọ́. Lórí gìtá olówó pọ́ọ́kú tí afárá rẹ̀ jẹ́ igi kan tí a lẹ̀ pa, kò sí àtúnṣe; olórin kàn ń fara dà á tàbí kí ó má gun òkè. Ṣùgbọ́n láti 1954, Gibson àti Fender ti ń ṣe afárá onírin tí okùn kọ̀ọ̀kan ní àga tirẹ̀, tí sukurú kékeré kan lè tì síwájú tàbí fà sẹ́yìn. Àwọn tí ó ṣe é kò ronú kan Zulu rárá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní sukurudiráfà lè jókòó nílé kí ó tún D rẹ̀ ṣe títí yóò fi pé. Irin ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà gba etí ugubhu láàyè.

Irú ọwọ́ báyìí kò sí ní Áfíríkà nìkan, ìyàtọ̀ kan sì wà láàrin wọn. Ní 1963, Brian May àti baba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan gìtá nílé wọn ní ìgboro London. Igi àyíká ibi ìdáná àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀. Eddie Van Halen ní Kalifọ́níà ra ara gìtá tí ilé iṣẹ́ ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì fi píkọ́ọ̀pù gìtá mìíràn sí i lẹ́yìn tí ó ti rì í sínú ìda gbígbóná kí ó má baà máa hó. Àwọn onìlù bàtá ti mọ ìda tipẹ́, wọ́n ń fi í sí ojú ìlù láti tún ohùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń bù ú kúrò tàbí fi kún un bí etí bá ti wí. Gìtá May àti ti Van Halen ni a ti kọ ìwé lé lórí, tí a ti ṣe ẹ̀dà wọn tà. Ti àwọn olórin Jeppe àti Soweto kò ní orúkọ.

Johnny Clegg, tí ó kú ní 2019, jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba àwọn tí ó gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ó pàdé Charlie Mzila, tí ó ń tọ́jú ilé àwọn aláwọ̀ funfun ní ọ̀sán, tí ó ń ta gìtá ní òpópónà Johannesburg ní alẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun àti Sipho Mchunu dá ẹgbẹ́ Juluka sílẹ̀, àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1979. Ohun tí ó kọ́ kì í ṣe orin nìkan. Ó ní láti kọ́ bí gìtá ṣe gbọ́dọ̀ wà kí orin náà tó lè jáde nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1985, Paul Simon wá sí stúdíò Ovation ní Johannesburg. Ray Phiri ta gìtá, Bakithi Kumalo, ọmọ Soweto, ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí kò ní irin ìdábùú kankan lọ́rùn. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ nínú àtúnṣe ilé: ní 1961, Bill Wyman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ irin ìdábùú gìtá rẹ̀ kúrò láti fi tuntun sí i, ó fẹ́ràn ohùn tí ó gbọ́, kò sì fi tuntun sí i mọ́. Ní ọwọ́ Kumalo, ọrùn gìtá tí kò ní ààlà yìí ń yọ̀ láti ohùn kan sí òmíràn bí ohùn ènìyàn. Ní 1986 tí àwo Graceland jáde, gbogbo ayé gbọ́ ọ.

Àwọn tí ń ra gìtá àtijọ́ kó jọ ní òfin kan tí wọn kì í yẹ̀: gìtá tí gbogbo irin ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ni ó níye lórí jù. Èèkàn kan tí a pààrọ̀, ihò kan tí a gbẹ́, a máa dín owó rẹ̀ kù. Bí a bá fi òfin yìí wọn àwọn gìtá Johannesburg, gìtá tí ó níye lórí jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi kọrin. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pẹ̀lú a máa tẹ̀lé àwọn olówó lọ́nà yìí láì mọ̀. Wọ́n a máa kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún sí ara gíláàsì, wọn a sì fi bí okùn ṣe wà, ojú ibi tí wọ́n ti dè pẹ́ńsù, àti òjé tí ọwọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí jó mọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní báyìí, èèkàn àti píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Soweto lè rà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó sì fi ọ̀sán Sátidé kan pààrọ̀ gbogbo irin ara gìtá rẹ̀. Gìtá náà yóò ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú okùn kìn-ín-ní tí a fà le dé E. Bí ó bá jẹ́ maskanda ni ó fẹ́ fi kọ, yóò yí èèkàn tuntun náà padà díẹ̀, yóò tẹ́tí, yóò tún yí i, títí okùn náà yóò fi balẹ̀ sí D.